“Ẹ̀gbọ́n, báwo ni irinṣẹ́ mi ṣe máa wọ inú apt?”

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ irinṣẹ́ kan tó ń ṣọ́ sáfà. Ó ń wo iṣẹ́ tí CPU ń ṣe, mẹ́mọ́rì tó kù, àti bí díìsìkì ṣe ń kún. Tí nǹkan bá ti fẹ́ yíwọ́, á fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí Telegram. Ọdẹ ni mo sọ ọ́. Èdè Go ni mo fi kọ ọ́, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lórí GitHub lábẹ́ àṣẹ MIT, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó. Títí di ìsinsìnyí, curl (tó ń gba fáìlì láti íntánẹ́ẹ̀tì) tí wọ́n ń tì sínú bash (tó ń ṣe àṣẹ inú fáìlì náà) pẹ̀lú sudo ni àwọn èèyàn fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan tó ń bójú tó sáfà lọ́dọ̀ wa níbí ní òun ò lè fi root, agbára tó lè yí ohunkóhun padà lórí ẹ̀rọ, ṣe script tí òun ò mọ bàbá rẹ̀, pé kí n lọ ṣe é kó wọ inú apt, tí Debian àti Ubuntu fi ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ, kí n tó padà wá. Ṣé Debian fúnra wọn, àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà Linux náà, ni kí n lọ bá tààrà, àbí kí n dá repository tèmi sílẹ̀? Ṣé kí n fi Homebrew, tí àwọn oní-Mac fi ń gbé ètò sórí ẹ̀rọ, kún un? Àbúrò yín ni, láti Under G, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Má bínú sí ọ̀gá tó lé ọ padà yẹn. Ká ní èmi ni, ohun tí mo máa sọ nìyẹn, bóyá ohùn tèmi ì bá tiẹ̀ le ju tirẹ̀ lọ.

Èsì kúkúrú rèé, bí o kò bá ráyè ka ìyókù: má tíì lọ sí Debian. Dá repository tìrẹ sílẹ̀, kí o fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí o tọ́jú dáadáa buwọ́ lù ú. Debian lè dúró de ọdún kan tàbí méjì. Homebrew, fi í sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tó kù, “ìdì” ni mo máa pe package, “àká” ni mo máa pe repository, nítorí bí èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Takie ṣe ń pè é nìyẹn tí a bá ń fi Yorùbá jiyàn lórí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ṣáájú ni pé dídì kọ́ ni iṣẹ́ náà. Dídì kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti kọ àdírẹ́sì àká rẹ sórí ẹ̀rọ rẹ̀, o ti di ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé onílé wà lápò rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá tẹ apt upgrade, ohun tí o bá gbé síbẹ̀ máa wọlé pẹ̀lú agbára root, kò ní í kanlẹ̀kùn. Kódà tí o bá gbé ìdì kan tó ń jẹ́ bash sínú àká rẹ, tí nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ ga ju ti Debian lọ, tìrẹ ni apt máa mú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe máa fi pinning (ìlànà tó ń sọ fún apt àká tó gbọ́dọ̀ fi ṣáájú) dí àlàfo yẹn, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń ṣe é? Ìdí nìyí tí ọ̀gá yẹn fi ń béèrè bàbá script. Kò béèrè bóyá o mọ Go.

Ní ti curl tí o ń tì sínú bash: àwọn èèyàn máa ń sọ pé olè lè fara pamọ́ sínú script. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n olè lè fara pamọ́ sínú .deb, fáìlì ìdì Debian, náà. Ohun tó ń já mi láyà ní ìlú tiwa ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já láàárín. Bash kì í dúró kí script dé tán kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé ló ń ṣe é. Mo ka tìrẹ. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń pa fáìlì rẹ́, tó kà báyìí:

rm -rf /var/lib/ode/cache

Jẹ́ ká ní iná lọ, sáfà wà lórí inverter ṣùgbọ́n ráútà kò sí níbẹ̀, tí ìlà yìí sì gé nígbà tó dé /var/lib. Bash máa rí i pé ọ̀rọ̀ ti tán, á sì ṣe ohun tó rí. Gbogbo /var/lib lọ nìyẹn. Inú ibẹ̀ ni dpkg, ètò tó ń tú ìdì fún apt, ń kọ gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ sí, inú ibẹ̀ náà ni MySQL àti PostgreSQL ń kó dátà sí lórí Debian. Tí o bá ṣì fẹ́ fi script náà sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ sínú function kan, kí o wá pe function yẹn ní ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá. Tó bá gé lọ́nà, kò ní í ṣe nǹkan kan. apt kò ní ìṣòro yìí. Ó máa gba ìdì tán, á fi SHA256 (àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣírò láti inú fáìlì) yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tú u, tí dátà bá sì tán lójú ọ̀nà, ibi tó dé ló ti ń bá a lọ.

Ó tún ku orúkọ, èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Debian kò gba àmì ohùn, kò sì gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Lẹ́tà kékeré láti a dé z, nọ́ńbà, àmì àròpọ̀, àmì àyọkúrò àti àmì ìdánudúró nìkan ló lè wà nínú orúkọ ìdì. Nítorí náà, Ọdẹ rẹ máa di ode. Ẹnì kan á kà á sí òde, ẹlòmíràn á kà á sí ọ̀dẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bú ọmọ tí kò gbọ́n. Ká tiẹ̀ mójú kúrò nínú ìyẹn, orúkọ náà ti ní olówó orí: Open Dynamics Engine, tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń ṣubú àti bí wọ́n ṣe ń kọlu ara wọn nínú géèmù, ti ń jẹ́ ode nínú Debian tipẹ́. Yí orúkọ padà báyìí tí àwọn tó ń lò ó ò tíì pọ̀. Èmi á pè é ní asode. Aṣọ́de ṣì ni, kódà tí wọ́n bá bọ́ gbogbo àmì lára rẹ̀, kò sì jọ èébú. Orúkọ tí mo máa lò láti ibí lọ nìyẹn.

Kò sí awo nínú .deb. Tí o bá fi ar tú u, nǹkan mẹ́ta ni wàá bá: fáìlì tíntìntín kan tó ń jẹ́ debian-binary, tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju 2.0 lọ, control.tar, tó gbé orúkọ, ẹ̀dà, ohun tí ìdì náà nílò, àti àwọn script tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń wọlé tàbí tó bá ń jáde. Lẹ́yìn náà data.tar, tó gbé àwọn fáìlì fúnra wọn. Fún irinṣẹ́ Go bíi tìrẹ, nfpm máa bá ọ dì í láti inú fáìlì YAML kan, á sì bá ọ ṣe .rpm pẹ̀lú fún àwọn ará Fedora àti Rocky. Fi CGO_ENABLED=0 kọ́ ọ, kó má baà rọ̀ mọ́ glibc, àkójọ kóòdù C, tó wà lórí ẹ̀rọ tìrẹ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí o kọ́ lórí Ubuntu 24.04 lè kọ̀ láti ṣí lórí Debian 11, ẹni tó ni ẹ̀rọ á sì rò pé irọ́ lo pa fún òun. Ṣe ti amd64, ṣe ti arm64, irú CPU méjèèjì. Ìdajì ohun tí a ń pè ní sáfà níbí, Raspberry Pi tàbí kọ̀ǹpútà kékeré àlòkù tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ni.

Kí o tó di ìdì, dín ara ètò náà kù. Tìrẹ tí mo gbà wálẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 31. Fi -ldflags "-s -w" yọ ìsọfúnni àtúnṣe-àṣìṣe kúrò nínú rẹ̀, wàá rí i pé á fúyẹ́. Lórí dátà tá a fi owó ara wa rà, tí àwọn ẹ̀rọ mẹ́wàá bá ń gbà á lóṣooṣù, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Má sì jẹ́ kí zstd, ọ̀nà ìfúnpọ̀ kan, tàn ọ́ nítorí pé ó yá. Ubuntu mọ̀ ọ́n lára .deb tipẹ́, ṣùgbọ́n dpkg tó wà lórí Debian 11 kò mọ̀ ọ́n, láti Debian 12 lọ sókè ló mọ̀ ọ́n. Fi xz dì í, ó ń ṣí níbi gbogbo.

Nọ́ńbà ẹ̀dà, ọ̀rọ̀ kékeré tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí o bá fẹ́ gbé ẹ̀dà ìdánwò jáde, 0.5.0~rc1 ni kí o kọ. Ohun tí àmì ìgbì yẹn ń sọ fún dpkg ni pé èyí kéré sí 0.5.0. Tí o bá kọ ọ́ ní 0.5.0-rc1, dpkg máa rò pé rc1 jẹ́ àtúnṣe olùdì, á sì kà á sí èyí tó ga ju 0.5.0-1 lọ. Àwọn tó bá ọ dán an wò, tí wọ́n ṣe ọ́ lóore, ni yóò há sórí ẹ̀dà ìdánwò nígbà tí gbogbo ayé bá ti lọ.

Wàyí o, ibi tí iná ti jó mi. Láwọn ọdún kan sẹ́yìn, mo di irinṣẹ́ aṣọ́de kan fún ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀yọ́. Fáìlì ètò rẹ̀ wà nínú /etc. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ iye tí díìsìkì gbọ́dọ̀ kún dé kí ìkìlọ̀ tó lọ, àti nọ́ńbà fóònù tó máa lọ bá. Mi ò kọ fáìlì yẹn sínú conffiles, àkójọ àwọn fáìlì ètò tí dpkg kò gbọ́dọ̀ dà bò láìbéèrè. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ. Nígbà tí mo gbé ẹ̀dà kejì jáde, dpkg da fáìlì tèmi bo tiwọn mọ́lẹ̀, kò bi ẹnì kankan. Nọ́ńbà ọ̀gá wọn kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ló bọ́ sípò rẹ̀. Tí ẹ bá wo systemctl status, ó ń ṣiṣẹ́, àwọ̀ ewé ló wà. Díìsìkì kún lóru Sátidé. Aṣọ́de mi rí i, ó kígbe, ó kígbe títí, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú log, nọ́ńbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ ló ń kígbe pè. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni akọ̀wé owó pe mí pé òun ò lè tẹ rìsíìtì. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, ìtìjú ni mo bá wọlé.

Bí o ṣe máa yẹra fún un kò ṣòro. Nínú YAML nfpm, kọ type: config síwájú fáìlì /etc/asode/asode.yml. Láti ìgbà náà, tí ẹni tó ni ẹ̀rọ kò bá fọwọ́ kan fáìlì náà, dpkg á rọra fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Tó bá ti tún un ṣe, tí ìwọ náà sì yí tìrẹ padà, dpkg á dúró, á béèrè: Y, kó gba ti olùdì, N, kó fi ti ara rẹ̀ sílẹ̀, D, kó rí ìyàtọ̀ wọn. Tó bá kàn tẹ Enter, tirẹ̀ ló máa wà. Ó dára, àbí? Ṣùgbọ́n wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀: tí o bá tún àlàyé kan ṣoṣo kọ nínú fáìlì yẹn, kódà kó jẹ́ pé àṣìtẹ̀ lo ń tún ṣe, ìbéèrè yìí á yọ jáde lórí gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ti fọwọ́ kan fáìlì wọn, níbi tí wọ́n bá sì ti ń ṣe upgrade láìsí èèyàn nítòsí, á di wàhálà. Fi àwọn iye àkọ́kọ́ sínú kóòdù Go fúnra rẹ̀, kí fáìlì /etc ṣófo tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, kí ẹni tó bá fẹ́ yí nǹkan padà kọ ohun tó fẹ́ yí nìkan síbẹ̀. Fáìlì tí o kì í yí padà kì í bi èèyàn ní ìbéèrè.

Má ṣe fi root ṣọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí irinṣẹ́ rẹ ń kà, /proc/loadavg, /proc/meminfo, /proc/stat, gbogbo olùlò ló lè kà á. Nínú fáìlì systemd (ètò tó ń dá àwọn iṣẹ́ sílẹ̀ lórí Linux), kọ DynamicUser=yes àti StateDirectory=asode, o kò ní í nílò script tó ń dá olùlò sílẹ̀ rárá. (Rántí pé /var/lib/private/asode ni dátà máa wà gan-an nígbà náà, ibẹ̀ ni script ìparí rẹ gbọ́dọ̀ nù tí ẹni náà bá ní purge, ìyẹn kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Tó bá jẹ́ remove lásán ló sọ, má fọwọ́ kan dátà rẹ̀.) Mo tún rí i nínú kóòdù rẹ pé ó ń ṣí ojú ìwé rẹ̀ sórí 0.0.0.0, pọ́ọ̀tù 9100. Àṣìṣe méjì nínú ìlà kan. Pọ́ọ̀tù 9100 ni node_exporter ti Prometheus, irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ń lò, wọ́n máa jà lórí ẹ̀rọ ẹni tó bá ní méjèèjì. Ní ti 0.0.0.0, o ń ṣí ìròyìn ẹ̀rọ onílé fún gbogbo ẹni tó bá kọjá lójú pópó. Kó jẹ́ 127.0.0.1, ẹni tó bá fẹ́ ṣí i síta á fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Àṣẹ “update” tí o kọ sínú irinṣẹ́ náà, tó ń lọ gba ara rẹ̀ tuntun láti GitHub, yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà tí o máa dì. Ìwé dpkg á máa sọ pé 0.4 ló wà níbẹ̀, fáìlì á ti di 0.6, lọ́jọ́ tí o bá gbé 0.5 sínú àká, apt á fi ayọ̀ dá ẹni náà padà sẹ́yìn. Ọ̀gá méjì kì í wa mọ́tò kan.

Ó kan àká. Fáìlì lásán ni gbogbo rẹ̀, kò nílò sáfà tó ń ronú. Aptly tàbí reprepro á tò ó fún ọ, o sì lè gbé e sórí GitHub Pages lọ́fẹ̀ẹ́, tí ojúlé rẹ kò bá kọjá gígábáìtì kan, tí ohun tí àwọn èèyàn ń gbà lóṣù kò sì kọjá nǹkan bí gígábáìtì 100. Fi ẹ̀dà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn síbẹ̀, kó àtijọ́ kúrò.

Ìbuwọ́lù ni kí o fi ọkàn bá lọ. Lọ́dọ̀ apt, o kì í buwọ́ lu ìdì kọ̀ọ̀kan. Fáìlì InRelease, àkọsílẹ̀ àgbà inú àká, lo buwọ́ lù. Inú rẹ̀ ni SHA256 ti fáìlì Packages wà, inú Packages sì ni SHA256 ti ìdì kọ̀ọ̀kan wà. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, apt kò ní í gba ohunkóhun níbẹ̀. Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé SHA256 tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì lórí ojú ìwé wọn kò tó ni. Láyé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí ni Aláàfin ń rán níṣẹ́, ìdajì orí tí wọ́n fá ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ wà nílé gbogbo èèyàn. SHA256 tó wà lójúlé kan náà pẹ̀lú fáìlì, orí fífá ni: ẹni tó bá ráyè yí fáìlì padà ti ráyè yí àmì padà. Kọ́kọ́rọ́ tí o mú sọ́wọ́ nílé nìkan ni ohun tí ẹni tó gba ojúlé rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́ kò ní.

Ìlà tí wàá ní kí àwọn èèyàn kọ sínú /etc/apt/sources.list.d nìyí:

deb [signed-by=/etc/apt/keyrings/asode.asc] https://apt.example.org stable main

Má jẹ́ kí n rí apt-key add nínú ìwé ìlànà rẹ. Wọ́n ti ní ká jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá gbà wọlé lọ́nà yẹn lè buwọ́ lu àká yòówù lórí ẹ̀rọ náà, títí kan àká tó bá ń díbọ́n pé òun ni Debian. signed-by ló so kọ́kọ́rọ́ rẹ mọ́ àká rẹ nìkan. Kíyè sí ìparí orúkọ fáìlì náà: tí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ èyí tó ní lẹ́tà tó ṣeé kà, .asc ni, tó bá jẹ́ báìtì lásán, .gpg ni. Tí o bá pààrọ̀ wọn, apt á ní òun kò mọ kọ́kọ́rọ́ náà rí. Mo ti fi ọ̀sán odidi kan ṣòfò lórí lẹ́tà mẹ́ta yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ náà ní ọjọ́ ìparí, ó sì yẹ kó ní in. Tèmi parí lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé téèyàn bá há síbẹ̀, ó há nìyẹn. Láàárín wákàtí kan, èèyàn mẹ́rin ti pè mí pé EXPKEYSIG, ìyẹn pé ọjọ́ kọ́kọ́rọ́ ti pé, ni apt ń kọ sójú wọn. Láptọ́ọ̀pù wà lẹ́sẹ̀ mi, kọ́kọ́rọ́ wà lórí flash nílé. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo ní kí ìwọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: di kọ́kọ́rọ́ rẹ fúnra rẹ̀ sínú ìdì kékeré kan, asode-archive-keyring, kí asode máa béèrè fún un. Ní oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé, sún ọjọ́ ìparí síwájú, gbé ẹ̀dà tuntun ìdì yẹn jáde. Upgrade tí àwọn èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ á ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn kí ti àtijọ́ tó kú. Kọ́kọ́rọ́ àgbà, fi í sórí flash méjì ní ilé méjì; ọmọ rẹ̀, subkey, ni kí o máa fi buwọ́ lù lójoojúmọ́.

Má sì yára fi kọ́kọ́rọ́ yẹn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nítorí pé ó ń bá ọ ṣe iṣẹ́. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ PostgreSQL, rí i pé wíwọlé SSH ń pẹ́ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpinpin rẹ̀ títí ó fi dé xz, ètò ìfúnpọ̀ kan tó wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ran ẹni tó ni ín lọ́wọ́, nígbà tó rẹ onítọ̀hún, wọ́n fún un láṣẹ, ó wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ibi tó yẹ kí o kíyè sí ni pé ìlà tó ń jí ilẹ̀kùn náà ṣí kò sí nínú git. Inú tarball, fáìlì kóòdù tí wọ́n dì pọ̀, tí wọ́n gbé jáde nìkan ló wà. Nítorí náà, láti orí tag inú git ni kí o ti máa kọ́ ìdì rẹ, kí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ fúnra rẹ̀ kó fi wé tìrẹ. Ẹ̀dà burúkú náà dé Debian unstable àti testing, níbi tí wọ́n ti ń dán nǹkan wò. Kò dé stable, èyí tí wọ́n ń gbé jáde fún gbogbo èèyàn.

Èyí ló gbé mi dé Debian. Ohun tó dá ara stable sí nínú ọ̀ràn xz, ìyẹn lílọ́ra rẹ̀, ni kò ní í bá ọ lára mu báyìí. Bookworm, Debian 12, jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Trixie, Debian 13, jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Tí 0.4 rẹ bá wọ inú ọ̀kan nínú wọn, 0.4 ni yóò jẹ́ níbẹ̀ títí di èyí tó tẹ̀ lé e. Ìwọ tó ń gbé ẹ̀dà jáde lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ọdún méjì ni wọ́n á fi máa kọ̀wé sí ọ nípa àṣìṣe tí o ti tún ṣe tí o sì ti gbàgbé. Irinṣẹ́ tó ti gbó ni stable wà fún.

Ọ̀nà ibẹ̀ náà gùn. Wàá kọ́kọ́ kọ ITP, ìwé ìfilọ̀ pé o fẹ́ di ètò náà, sí wnpp, àkọsílẹ̀ àwọn ìdì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Wàá darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń di ètò Go, lórí Salsa, ojúlé kóòdù Debian, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kíkọ́ ìdì náà kò gbọ́dọ̀ gba ohunkóhun láti íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ohun tí go.mod rẹ, fáìlì tó ń to kóòdù àwọn ẹlòmíràn tí o lò, bá kà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdì nínú Debian fúnra rẹ̀. Mo ka tìrẹ: 43. Púpọ̀ nínú wọn á ti wà níbẹ̀; èyí tí kò bá sí, ìwọ lo máa dì í. Lẹ́yìn náà wàá wá Debian Developer kan tó máa ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ, ìdì rẹ á tò sí NEW, ìlà ìdúró àwọn ìdì tuntun, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àṣẹ-ìlò gbogbo fáìlì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ ọ́ kó lè bà ọ́ lẹ́rù. Gé àwọn 43 yẹn kù láti ìsinsìnyí ni. Mo rí ohun tó tó mẹ́ta níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọ̀ ni wọ́n ń fi kun log.

PPA ti Launchpad, àká tí Ubuntu ń gbàlejò fún èèyàn, wà láàárín méjèèjì, ó sì dáa tó bá jẹ́ pé Ubuntu nìkan ni àwọn èèyàn rẹ ń lò: wàá gbé orísun kóòdù fún wọn, wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á buwọ́ lù ú, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn náà kì í jẹ́ kí kíkọ́ ìdì wọ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà wàá ní láti kó vendor, ìyẹn kóòdù àwọn ẹlòmíràn tí o lò, sínú rẹ̀. Homebrew, ó ṣiṣẹ́ lórí Linux lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí Mac ni àwọn tó ń lò ó pọ̀ sí, irinṣẹ́ rẹ sì ń ka /proc. Kò sí /proc lórí Mac.

Kí o tó gbé àká náà jáde, ṣí container Debian kan (ẹ̀rọ kékeré inú ẹ̀rọ) tó mọ́ lóló, gbé 0.3 sí i pẹ̀lú apt install ./asode.deb (kì í ṣe dpkg -i, ìyẹn kì í wá ohun tí ìdì nílò). Yí nọ́ńbà Telegram padà nínú fáìlì ètò. Gbé 0.4 lé e. Wo nọ́ńbà náà. Remove, wo ohun tó kù; purge, tún wò ó. Ṣe é lórí Debian 12, Debian 13 àti Ubuntu 24.04, kí o sì jẹ́ kí lintian, ètò tó ń wá àṣìṣe nínú ìdì, bú ọ tán. Tí nọ́ńbà yẹn bá ṣì wà lẹ́yìn upgrade, fi ìlà signed-by ránṣẹ́ sí mi. Orí Raspberry Pi tó wà ní ọ́fíìsì mi ní Takie ni mo máa kọ́kọ́ gbé e sí. Sáfà tí owó àwọn oníbàárà wà lórí rẹ̀, ó di lẹ́yìn tí o bá ti gbé ẹ̀dà mẹ́ta jáde láìsí ìpè láago méjì òru.